George Beadle: Ọmọ àgbẹ̀ tó fi olú orí búrẹ́dì tú àṣírí àjogúnbá

Lóde òní, bí ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin bá ń fẹ́ra wọn sọ́nà nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀kan lára ohun tí àwọn òbí àti olórí ìjọ máa ń bèèrè ni ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn. Ṣé AA ni wọ́n, àbí AS? Ìdí ni pé nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ló jẹ́ AS. Bí AS méjì bá sì fẹ́ra wọn, wọ́n lè bí ọmọ tí yóò ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ máa ń jogún nǹkan lọ́wọ́ òbí. Ẹni bí ni là á jọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń jogún yìí, kí ni iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an nínú ara? Kí ló fi jẹ́ pé bí ó bá bàjẹ́, àìsàn ló máa ń dà?

Ọkùnrin tó ṣáájú àwọn tó wá ìdáhùn ìbéèrè yìí kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ló ti rí i. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ara ohun tó máa ń hù sórí búrẹ́dì tó bá ti bu ló ti rí ìdáhùn náà. George Wells Beadle ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti jáde láyé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò kú.

Ọmọ olóko ní Wahoo

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1903 ni wọ́n bí George Beadle sí Wahoo, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ àgbàdo ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bàbá rẹ̀, Chauncey Elmer Beadle, ní oko éékà 40, tí wọ́n ti ń gbin oríṣiríṣi nǹkan, tí wọ́n sì ń sin ẹran. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún márùn-ún tí ìyá rẹ̀, Hattie, fi kú. Inú iṣẹ́ oko ló dàgbà sí, kò sì sí iṣẹ́ oko tí kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun tó wà lọ́kàn bàbá rẹ̀ ni pé kí George gba oko náà lọ́wọ́ òun tó bá yá. Lójú tirẹ̀, àgbẹ̀ kò nílò ìwé yunifásítì kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè. Àwọn tó wà lábúlé lónìí kò ní ṣàìmọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti pàdánù ilé ìwé nítorí rẹ̀.

Olùkọ́ obìnrin kan tó ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì nílé ìwé gíga Wahoo, Bess MacDonald, ló kó sí ọ̀rọ̀ náà. Ó rí i pé orí ọmọ yìí pé, ó sì rọ̀ ọ́ títí tó fi gbà láti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Lincoln, tó jẹ́ ti Yunifásítì Nebraska. Ọdún 1922 ló wọlé síbẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn òun náà ni pé bí òun bá ti parí, òun yóò padà sóko bàbá òun.

Kò padà mọ́. Ní Lincoln, ó bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Franklin Keim ṣiṣẹ́ lórí àlìkámà. Níbẹ̀ ló ti rí i pé ohun tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fojú rí látayébáyé, pé irúgbìn báyìí ló ń so báyìí, ní ìlànà tí ènìyàn lè fi ìṣirò tọ̀. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní 1926, ó gba ìkejì ní 1927. Keim ló bá a wá àyè sí Yunifásítì Cornell ní ìpínlẹ̀ New York.

Lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbàdo

Ní Cornell, ọ̀dọ̀ Rollins Emerson ló dé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí àgbàdo ṣe ń jogún àwọ̀ àti ìrísí láyé ìgbà náà, ọ̀dọ̀ Emerson ni yóò lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò kéré. Ọ̀kan lára wọn ni Barbara McClintock, obìnrin tó padà gba ẹ̀bùn Nobel ní 1983 lórí iṣẹ́ àgbàdo. Láàárọ̀, wọ́n á wà lóko. Bí oòrùn bá wọ̀, wọ́n á wà nídìí awò amú-nǹkan-tóbi.

Ibẹ̀ ni Beadle ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa olú tó sọ ọ́ di olókìkí. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Bernard Dodge wá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Neurospora. Ẹbí olú ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní fìlà bí olú tí à ń sè lọ́bẹ̀. Òwú tín-ín-rín ló dà bí, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí ọsàn tó pọ́n dáadáa. Ní 1842, nígbà ooru, ó ya bo ilé ìṣe búrẹ́dì àwọn ọmọ ogun nílùú Paris, débi tí ìjọba Faransé fi gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní erékùṣù Java, ní Indonéṣíà, oúnjẹ ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣe. Wọ́n máa ń jẹ́ kó hù sórí èérún ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, oncom ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà. Nínú ìtàn wa yìí, olú búrẹ́dì la ó máa pè é.

Dodge ṣàlàyé ohun kan tó rí nígbà tó da akọ àti abo olú náà pọ̀, tí kò yé òun fúnra rẹ̀. Beadle àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan, tí wọ́n ti rí irú rẹ̀ lára àgbàdo àti kòkòrò, sọ ohun tí wọ́n rò pé ó fà á. Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, oníkálukú lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Beadle kò gbàgbé.

Kòkòrò tó ní ojú mẹ́ta

Ní 1931, Beadle gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì kọjá sí ilé ẹ̀kọ́ Caltech ní ìpínlẹ̀ California. Thomas Hunt Morgan ni ọ̀gá níbẹ̀. Morgan àti àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fi kòkòrò kékeré tó máa ń bà lé èso tó ti ń rà fi hàn pé jíìnì wà. Jíìnì ni ohun tó ń gbé àbùdá òbí dé ara ọmọ. Wọ́n fi hàn pé àwọn jíìnì náà tò tẹ̀léra lórí okùn tín-ín-rín kan nínú ara, tí wọ́n ń pè ní kúrómósómù.

Wọ́n mọ ibi tí jíìnì wà. Ohun tó ń ṣe ni kò yé ẹnikẹ́ni. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn mọ ilé tí òṣìṣẹ́ kan ń gbé, tó mọ nọ́ńbà ilé náà, ṣùgbọ́n tí kò mọ iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe jẹun.

Beadle àti Boris Ephrussi, onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Faransé, pinnu láti wá a rí. Ní 1935, àwọn méjèèjì lọ sí Paris. Wọ́n mú ìdin kòkòrò yìí, wọ́n yọ ẹ̀yà kékeré tí ì bá di ojú bí ó bá dàgbà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú ìdin mìíràn. Nígbà tí ìdin náà di kòkòrò, ojú mẹ́ta ló ní, ọ̀kan nínú ikùn. Ojú tí jíìnì rẹ̀ ti bàjẹ́, tó yẹ kó pọ́n yàtọ̀, wá ní àwọ̀ tó yẹ kó ní nínú ara kòkòrò tó dá ṣáṣá. Èyí túmọ̀ sí pé ohun kan wà tí jíìnì ń jẹ́ kí ara ṣe. Ẹni tí kò bá lè ṣe é lè rí i gbà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ní 1937, Beadle di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford. Ó gba onímọ̀ kẹ́mísírì kan, Edward Tatum, sí iṣẹ́, kí wọ́n lè mọ ohun tí ara kòkòrò náà ń ṣe. Ẹ̀rù ba bàbá Tatum, tí òun náà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó rò pé bí ọmọ òun bá ti dara pọ̀ mọ́ oníkòkòrò, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì kò ní kà á kún tiwọn mọ́, àwọn onímọ̀ jíìnì náà kò sì ní kà á kún tiwọn. Kò ní jẹ́ ti òkè, kò ní jẹ́ ti ilẹ̀.

Ọdún bíi mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Kòkòrò náà kéré jù, ohun tí wọ́n ń wá kò sì pọ̀ lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé ibẹ̀, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì tí Adolf Butenandt jẹ́ olórí wọn ṣáájú wọn, wọ́n sì kéde orúkọ ohun náà ní 1940. Bí ẹni fọ́n omi sínú agbọ̀n ni iṣẹ́ náà rí lójú Beadle.

Ó yí ìbéèrè padà

Lọ́jọ́ kan, Beadle jókòó síbi tí Tatum ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa oúnjẹ tí àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké nílò. Bí Tatum ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ ni èrò kan sọ sí i lọ́kàn. Àwọn ti ń mú jíìnì tó bàjẹ́, wọ́n wá ń wá iṣẹ́ tó ń ṣe kiri. Kí ló dé tí wọn kò mú iṣẹ́ tí gbogbo ayé ti mọ̀, kí wọ́n wá jíìnì tó ń darí rẹ̀?

Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kòkòrò kò wúlò. Olú búrẹ́dì tí Dodge sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Cornell ni Beadle rántí. Ohun mẹ́ta ló mú un yàtọ̀. Àkọ́kọ́, oúnjẹ rẹ̀ kò ju ṣúgà, iyọ̀ díẹ̀, àti fítámìn kan ṣoṣo tó ń jẹ́ biotin. Gbogbo ohun yòókù tó nílò, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é nínú ara rẹ̀. Ìkejì, ẹ̀dà jíìnì kan péré ló ní. Àwa ènìyàn ní méjìméjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, èyí tó dáa sì lè bo èyí tó bàjẹ́ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí AS kì í fi í ṣàìsàn bí SS. Ti olú búrẹ́dì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, kíá ni yóò hàn. Ìkẹta, bí akọ àti abo rẹ̀ bá pàdé, wóró irúgbìn mẹ́jọ ló máa ń tò tẹ̀léra nínú àpò kan, bí ẹ̀wà nínú èèpo rẹ̀. Ènìyàn lè mú wọn níkọ̀ọ̀kan, kó sì mọ èyí tó jogún kí ni.

Ní 1941 ni Beadle àti Tatum bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ X-ray yan olú náà kí jíìnì rẹ̀ lè bàjẹ́. Wọ́n dà á pọ̀ mọ́ èyí tí X-ray kò kàn, wọ́n sì ń fọwọ́ ya wóró irúgbìn sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́. Ìgò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní oúnjẹ tó kún fọ́fọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu díẹ̀ sínú oúnjẹ olóṣì, ìyẹn ṣúgà, iyọ̀ àti biotin nìkan. Èyí tó bá hù nínú méjèèjì, kò sí ohun tó ṣe é. Èyí tó bá hù nínú oúnjẹ ọlọ́rọ̀, tó wá kọ̀ láti hù nínú ti olóṣì, òun ni wọ́n ń wá.

Wọn kò mọ bí yóò ti pẹ́ tó kí wọ́n tó rí i. Ìyẹn ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣètò ju ẹgbẹ̀rún ìgò kan lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán wọn wò. Ìgò kìíní hù, ìkejì hù. Ìgò 100 hù, 200 náà hù. Ẹni tó ti pàdánù ọdún mẹ́ta sídìí kòkòrò lè máa bi ara rẹ̀ pé ṣé òun kò tún ti ṣi ọ̀nà yà.

Ìgò 299 kò hù.

Wọ́n fi fítámìn kan tẹ̀ lé òmíràn dán an wò. Nígbà tí wọ́n kán fítámìn B6 sí i, ó hù. Ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀ kò ju pé kò lè ṣe B6 fúnra rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n da èyí pọ̀ mọ́ olú tó dá ṣáṣá, mẹ́rin nínú wóró mẹ́jọ lè ṣe B6, mẹ́rin kò lè ṣe é. Ìpín méjì dọ́gbadọ́gba yìí ni ẹ̀rí pé jíìnì kan ṣoṣo ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ìgò 1,085 ló tún kọ̀ láti hù, fítámìn B1 ni tirẹ̀ ń fẹ́. Wọ́n ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé àwọn kò ní dúró títí irú rẹ̀ yóò fi pé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi di ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ní oṣù kọkànlá 1941, wọ́n tẹ àbájáde mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí ìgbà kan náà, Beadle lọ sọ ọ́ fún àwọn onímọ̀ ní Caltech. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tó parí, gbogbo yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n rò pé yóò ṣì máa sọ̀rọ̀ lọ ni, wọn kò sì mọ ohun tí wọn ì bá sọ.

Àlàyé rẹ̀ bí ẹni ń ṣe ògì

Ohun tí Beadle àti Tatum rí kò ṣòro fún ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ògì. Ká ní obìnrin mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ọ̀kan ń rẹ àgbàdo, ìkejì ń lọ̀ ọ́, ìkẹta ń sẹ́ ẹ. Bí èyí tó ń lọ̀ ọ́ kò bá wá síṣẹ́, àgbàdo rírẹ yóò kún ilẹ̀, kò sì ní sí ògì. Ṣùgbọ́n bí ará ilé kejì bá bù wọ́n ní àgbàdo tó ti lọ̀, ẹni tó ń sẹ́ ẹ yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nínú ara. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tó ń ṣe é. Ohun tí Beadle sọ ni pé jíìnì kan ló ń mú ẹ́ńsáìmù kan wá síṣẹ́. Bí jíìnì bá bàjẹ́, òṣìṣẹ́ kan kò ní wá, iṣẹ́ yóò sì dúró síbi tirẹ̀. Ní 1944, Adrian Srb àti Norman Horowitz, tí wọ́n wà lọ́dọ̀ Beadle, fi olú yìí to iṣẹ́ kan bẹ́ẹ̀ láti ìpele dé ìpele. Wọ́n mọ jíìnì tó wà nídìí ìpele kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún yẹn náà ni Beadle ránṣẹ́ sí Barbara McClintock, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ní Cornell. Kúrómósómù olú búrẹ́dì kéré débi pé àwọn onímọ̀ kò lè kà á dáadáa. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí obìnrin yìí lò ní Stanford, ó kà á: méje ni.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n tún rí ìwúlò mìíràn fún olú náà. Olú tí kò lè ṣe fítámìn kan yóò hù ní ìwọ̀n fítámìn tí ó bá rí jẹ. Nítorí náà, wọ́n ń fi í wọn iye fítámìn tó wà nínú oúnjẹ.

Àwọn tó gbà á gbọ́ kò pé márùn-ún

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wẹ́rẹ́ ni ayé gba ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sọ pé ó ti rọrùn jù láti jẹ́ òótọ́. Àwọn mìíràn ní bí Beadle ṣe ń wá olú rẹ̀, irú tó bá èrò rẹ̀ mu nìkan ló lè rí.

Ní Cold Spring Harbor, ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn onímọ̀ jíìnì máa ń pàdé lọ́dọọdún. Níbi ìpàdé ti 1951, iyèméjì pọ̀ débi pé Beadle padà ṣèrántí pé àwọn tó ṣì dúró ti èrò náà kò tó ìka ọwọ́ kan. Èrò tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá gbé kiri kò ní ju ènìyàn bíi mẹ́ta lẹ́yìn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò bínú kúrò nídìí iṣẹ́, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ẹ̀jẹ̀ fọ̀níkú-fọ̀ládìde wà lára ohun tó dá a láre. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Caltech, níbi tí Beadle ti padà lọ ṣe olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ohun abẹ̀mí ní 1946, fi hàn pé èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ SS yàtọ̀ sí ti AA. Ní 1957, Vernon Ingram ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ibi tó ti yàtọ̀ gan-an. Okùn kan wà nínú èròjà náà tó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ 146 tí wọ́n sín pọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ló yí padà. Jíìnì kan bàjẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣì, ọmọ sì ń jẹ̀rora nínú egungun. Ohun tí Beadle rí lára olú, òun náà ló wà lára ènìyàn.

Lónìí, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jíìnì kan lè jẹ́ kí ara ṣe ju ohun kan lọ. Ó lè gba jíìnì méjì kí ohun kan tó pé, bí ó ti rí nínú èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ wọn kò jẹ mọ́ ẹ́ńsáìmù rárá. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ tí Beadle àti Tatum fi lélẹ̀ kò wó.

Nobel, àti ìyìn fún ẹni tó ṣáájú

Ní 1958, Beadle àti Tatum gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ìdajì ni tiwọn, ìdajì kejì jẹ́ ti Joshua Lederberg, tó ti bá Tatum ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò àìfojúrí. Ohun tí bàbá Tatum bẹ̀rù kò sì ṣẹ.

Nígbà tí Beadle dìde láti sọ̀rọ̀ ní Stockholm, ó kọ́kọ́ rántí dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù kan, Archibald Garrod. Láti ọdún 1902 ni Garrod ti sọ nípa àwọn tí ìtọ̀ wọn máa ń di dúdú bí ó bá pẹ́ nílẹ̀, pé nǹkan àjogúnbá ni. Ó padà ṣàlàyé pé ẹ́ńsáìmù kan ni wọn kò ní. Àwọn onímọ̀ kò ka ọ̀rọ̀ náà sí fún nǹkan bí ogójì ọdún. Beadle jẹ́wọ́ pé ohun tí Garrod ti rí lára ènìyàn ni àwọn tún rí lára olú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dé orí òkè ló máa ń rántí ẹni tó kọ́kọ́ la ọ̀nà.

Ní 1961, wọ́n fi í ṣe olórí Yunifásítì Chicago, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1968. Ẹ̀bùn Nobel kò gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ń darí yunifásítì ńlá náà, ó ṣì ń gbin àgbàdo sílẹ̀ tó wà nítòsí.

Ó padà sídìí àgbàdo

Láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ Emerson ni ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn rẹ̀: níbo ni àgbàdo ti wá? Kò sí àgbàdo tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó. Bí ènìyàn kò bá gbìn ín, yóò parẹ́. Ṣùgbọ́n koríko kan wà ní Mẹ́síkò tó ń jẹ́ teosinte. Wóró rẹ̀ kò ju bíi mẹ́wàá lọ lórí ṣírí kan, èèpo rẹ̀ sì le bí òkúta. Ní 1939, Beadle tẹ̀ ẹ́ jáde pé koríko yìí ni ìyá àgbàdo. Ó da wóró rẹ̀ sínú iná, ó sì bẹ́ bí gúgúrú. Èyí fi hàn pé àwọn ará àtijọ́ lè jẹ ẹ́. Paul Mangelsdorf ti Yunifásítì Harvard kò gbà. Ó ní àgbàdo igbó kan ti wà rí, tó ti parẹ́.

Nígbà tí Beadle fẹ̀yìn tì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sinmi, ó padà sóko. Ní 1971, ó kó àwọn onímọ̀ lẹ́yìn lọ sí Mẹ́síkò láti wá teosinte. Ó lọ wóró rẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ dán an wò, ó ń jẹ ẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ó da teosinte àti àgbàdo pọ̀, ó sì gbin nǹkan bí 50,000 àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Nínú 500, nǹkan bí ọ̀kan ló jọ àgbàdo pátápátá, nǹkan bí ọ̀kan ló sì jọ teosinte. Ìṣirò tó kọ́ lára àlìkámà ní Lincoln ló fi tú u: ìyàtọ̀ tó wà láàárín koríko igbó àti oúnjẹ ayé kò ju jíìnì ńlá mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ.

Àwọn tó tẹ̀ lé e ti dá a láre. Ní 2002, àyẹ̀wò jíìnì fi hàn pé láti ara teosinte tó ń hù létí odò Balsas ní gúúsù Mẹ́síkò ni gbogbo àgbàdo ayé ti wá, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Ìyẹn tó fi dórí èyí tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ nílẹ̀ Yorùbá.

Beadle kò sí láyé láti gbọ́ ọ. Àìsàn ìgbàgbé ló mú un lọ́jọ́ ogbó. Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, ọdún 1989 ló kú ní Pomona, California, lẹ́ni ọdún 85. Tatum ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 1975.

Ìpàdé àwọn ọmọ olú búrẹ́dì

Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ilé tàbí owó. Láti 1960 ni ibi ìpamọ́ kan ti wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń tọ́jú oríṣiríṣi irú olú yìí sí, bí àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú irúgbìn sórí àjà. Olùwádìí tó bá nílò irú kan, láti ilẹ̀ èyíkéyìí, lè kọ̀wé béèrè. Ní 2003, wọ́n tẹ gbogbo ìwé àṣẹ inú ara olú náà jáde, jíìnì rẹ̀ tó nǹkan bí 10,000. Ara rẹ̀ ni wọ́n tún ti kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan nípa bí ara ohun abẹ̀mí ṣe ń mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru.

Àwọn olùwádìí olú búrẹ́dì àti ẹbí rẹ̀ sì ní ìpàdé tiwọn. Asilomar ni wọ́n ti máa ń ṣe é, létí òkun ní Pacific Grove, California. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti hewú a jọ jókòó, wọ́n á máa fi ohun tí wọ́n rí han ara wọn. Ẹ̀bùn kan wà tí wọ́n fi sọrí Beadle àti Tatum, òmíràn sì wà tí wọ́n fi sọrí Dodge, ọkùnrin tó kọ́kọ́ rọ ayé pé kí wọ́n má fojú di olú yìí. Ibi tí ènìyàn mẹ́ta péré ti dúró ti Beadle rí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló ń pé jọ lórí iṣẹ́ rẹ̀ báyìí.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ tó fẹ́ràn ìwé àti ọkọ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ pa èkejì. Bí Bess MacDonald kò bá la ẹnu rẹ̀ ní Wahoo, oko éékà 40 ì bá ní arọ́pò, ṣùgbọ́n a kò mọ ìgbà tí ẹlòmíràn ì bá ka ìgò dé 299.